Orí Kẹjọ: RNA Ońṣẹ́ Nínú Àjẹsára Ẹran Ọ̀sìn

Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ilé ti ń gba ilẹ̀ mọ́ oko lọ́wọ́ lójoojúmọ́, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà lára ibi díẹ̀ tí ẹran ọ̀sìn ṣì ti rí àyè gbé. Ní Gberigbe ni àwọn tí ń sin ẹlẹ́dẹ̀ àti àwọn tí ń sin adìẹ ti múlé ti ara wọn; ní Odogunyan àti Erikorodo ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ọlọ́sìn; ní Àràgà, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ àgbẹ̀; ewúrẹ́, àgùntàn àti adìẹ ìbílẹ̀ sì ń jẹ̀ kiri àgbàlá ní àwọn abúlé tí ó wà láàárín Agbówà àti Èjìnrìn. Nígbà tí ẹran bá pọ̀ tó báyìí lórí ilẹ̀ tí kò fẹ̀, tí ọkọ̀ tí ń kó oúnjẹ adìẹ, kéréètì ẹyin àti àwọn alápatà sì ń ti oko kan bọ́ sí òmíràn, àrùn kan ṣoṣo tó láti sọ ọlọ́sìn di onígbèsè láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àjẹsára fi jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ní agbègbè náà kí ó tó di ọ̀rọ̀ ìmọ̀. Irú àjẹsára kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ àfi ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19, èyí tí wọ́n ń pè ní àjẹsára RNA ońṣẹ́, àwọn onímọ̀ sì ti ń gbé e wá sí ọ̀dọ̀ ẹran. Ohun tí orí yìí yóò fi hàn ni pé kì í ṣe gbogbo àrùn ẹran ni ó bá mu, àti pé níbi tí ó ti bá àrùn mu gan-an, ọ̀nà tí yóò gbà dé ara ẹran ṣòro ju ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é lọ.

Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ ara tí ó kéré jù lọ tí ó lè dá ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ sì ni DNA wà, èyí tí í ṣe àkójọ ìlànà gbogbo tí ara fi ń mọ ohun tí yóò ṣe. Púpọ̀ nínú ìlànà wọ̀nyí dá lórí bí sẹ́ẹ̀lì yóò ti hun purotéènì, ìyẹn àwọn èròjà tí ń di ẹran ara, ìyẹ́, ẹ̀jẹ̀ àti ohun ìjà ara. Bí ẹni tí ń kọ́lé ní Ìkòròdú kì í ti í gbé pláànì tí ìjọba lu òǹtẹ̀ lé lọ sórí ilẹ̀, bí kò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tí bíríkìlà lè tẹ́ sórí iyanrìn, tí òjò lè pa, tí ó sì lè ya nígbà tí iṣẹ́ bá parí, bẹ́ẹ̀ ni DNA kì í kúrò ní ibi ìpamọ́ rẹ̀. Ẹ̀dà kúkúrú ni sẹ́ẹ̀lì ń ṣe láti ara rẹ̀. Ẹ̀dà yìí ni RNA ońṣẹ́, òun ni ó sì ń gbé ìlànà jáde lọ bá ràíbósóòmù, ohun èlò tíntìntín inú sẹ́ẹ̀lì tí ń ka ìlànà náà, tí ó sì ń to purotéènì gẹ́gẹ́ bí ó ti kà á. Kì í pẹ́ lẹ́yìn èyí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń já RNA náà sí wẹ́wẹ́, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ti tán.

Ràíbósóòmù kì í béèrè ibi tí ẹ̀dà ìlànà ti wá kí ó tó ṣiṣẹ́ lé e lórí, ibi àìbéèrè yìí gan-an ni fáírọ́ọ̀sì ti ń rí sẹ́ẹ̀lì lò, ibẹ̀ náà sì ni àwọn onímọ̀ ti rí àyè àjẹsára. Wọ́n ń kọ RNA ońṣẹ́ ní yàrá ìwádìí, wọ́n ń fi ìlànà purotéènì kan ṣoṣo láti ara fáírọ́ọ̀sì sínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ fi í sínú iṣan ẹran. Sẹ́ẹ̀lì ẹran yóò hun purotéènì náà, ẹ̀ṣọ́ ara yóò rí i pé àjèjì ni, yóò pèsè èròjà agbógunti-àrùn tí ó lè di fáírọ́ọ̀sì mú, yóò sì rántí rẹ̀ fún ọjọ́ tí ojúlówó àrùn bá dé. Odindi fáírọ́ọ̀sì kò sí nínú àjẹsára náà, nítorí náà kò sí ọ̀nà tí ó lè gbà fa àrùn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gún un. Ṣùgbọ́n RNA tètè ń bàjẹ́, èròjà tí ń jẹ ẹ́ run sì wà lára awọ ènìyàn, nínú itọ́ àti nínú ẹ̀jẹ̀, èyí ló mú kí wọ́n máa fi ọ̀rá tíntìntín yí i ká, kí ọ̀rá náà lè dáàbò bò ó, kí ó sì bá a wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rá yìí kò wọ́pọ̀ lọ́jà, àpapọ̀ òun àti RNA ni ó sì ń béèrè òtútù tí fìríìjì ilé kò lè mú wá.

Àjẹsára tí àwọn ọlọ́sìn Ìkòròdú ti mọ̀ tipẹ́ yàtọ̀ sí èyí. Lasota, tí wọ́n ń pò mọ́ omi mímu fún adìẹ nítorí àrùn lùkúlùkú, jẹ́ fáírọ́ọ̀sì alààyè tí agbára rẹ̀ kò tó láti pa adìẹ. Irú rẹ̀ ni àjẹsára àrùn Gumboro tí wọ́n ń fún òròmọdìẹ. Òmíràn sì wà tí wọ́n ti fi oògùn pa fáírọ́ọ̀sì rẹ̀, tí wọ́n pò ó mọ́ òróró kí wọ́n tó fi gún ẹran. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ni ó ń ṣe irú àjẹsára báyìí fún Nàìjíríà, inú ẹyin adìẹ tí ó ti ní ọlẹ̀ sì ni wọ́n ti ń tọ́ fáírọ́ọ̀sì àwọn ti adìẹ dàgbà. Kò sí ohun ẹ̀gàn nínú ọ̀nà àtijọ́ yìí, torí òun ni wọ́n fi pa àrùn rinderpest ti màlúù rẹ́ kúrò láyé ní 2011. Ìṣòro rẹ̀ ni pé fáírọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ gbà láti dàgbà nínú ẹyin tàbí nínú ìgò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi oṣù púpọ̀ dán an wò kí ó tó jáde. Ní ti RNA ońṣẹ́, bí wọ́n bá ti lè ka jíìnì fáírọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn ìlànà inú rẹ̀, ó parí. Wọn kò nílò fáírọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀. Ní Oṣù Kìíní 2020 ni àwọn onímọ̀ ará Ṣáínà gbé àkọsílẹ̀ jíìnì fáírọ́ọ̀sì COVID-19 jáde fún aráyé, nígbà tí yóò sì fi di ọjọ́ 16 Oṣù Kẹta ọdún náà, wọ́n ti gún ẹni àkọ́kọ́ ní abẹ́rẹ́ Moderna láti fi dán an wò ní Amẹ́ríkà.

Ẹran ọ̀sìn kò dúró de ènìyàn nínú ìtàn yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ènìyàn ni ó kún inú rẹ̀. Ní 1990, Jon Wolff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin fi hàn pé bí wọ́n bá gún RNA ońṣẹ́ sínú iṣan eku, iṣan náà yóò hun purotéènì tí ó wà nínú rẹ̀. Ní 2005, Katalin Karikó àti Drew Weissman ní Yunifásítì Pennsylvania rí i pé bí wọ́n bá yí ọ̀kan nínú àwọn èròjà inú RNA padà díẹ̀, ara kì í bínú sí i mọ́ kí ó tó ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2023. Láàárín 2005 àti 2023, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ti ń gba abẹ́rẹ́: ní 2012, àwọn onímọ̀ ará Jámánì tẹ ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé RNA ońṣẹ́ dáàbò bo eku àti ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́ fúlúù, ní 2016 wọ́n tún fi hàn pé ó dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ dìgbòlugi.

Ọ̀kan lára àwọn tí ó kọ́kọ́ di ọjà ní oko ẹlẹ́dẹ̀ wá láti ìpínlẹ̀ Iowa. Ní 2013, ìgbẹ́ gbuuru kan tí fáírọ́ọ̀sì ń fà wọ Amẹ́ríkà, ó sì pa àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ láàárín ọdún kan. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Harrisvaccines gba ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀ fún àjẹsára rẹ̀ ní 2014, Merck sì ra ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ pé àjẹsára yìí kò rí bí ti COVID-19 tí Pfizer ṣe gẹ́lẹ́: kì í ṣe inú ọ̀rá ni RNA rẹ̀ wà, inú èèpo fáírọ́ọ̀sì mìíràn tí wọ́n ti gba agbára bíbí lọ́wọ́ rẹ̀ ni, RNA náà sì lè ṣe àdàkọ ara rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì fún ìgbà díẹ̀, kí ìwọ̀nba tí wọ́n gún sínú ẹran lè pọ̀ sí i. Ohun tí ó jọni lójú nínú rẹ̀ ni bí wọ́n ti ń lò ó. Dókítà ẹranko yóò gba àyẹ̀wò lára ẹlẹ́dẹ̀ tí ń ṣàìsàn, wọn yóò ka jíìnì fáírọ́ọ̀sì tí ó wà nínú oko yẹn gan-an, ilé-iṣẹ́ yóò sì ṣe àjẹsára tí ó bá oko yẹn mu. Irú èyí kò ṣeé ṣe pẹ̀lú ẹyin adìẹ.

Nínú gbogbo àrùn tí ń yọ àwọn ọlọ́sìn Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ lẹ́nu, fúlúù adìẹ ni ọ̀nà yìí bá mu jù lọ. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí wọ́n ti rí fúlúù H5N1, ní oko kan ní Jaji, ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, ní Oṣù Kejì 2006. Kò pẹ́ tí ó fi tàn dé Èkó, ní Oṣù Kìíní 2007 sì ni obìnrin ọmọ ọdún 22 kan kú ní Èkó, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn náà pa ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Lẹ́yìn tí ó dà bí ẹni pé ó ti lọ, ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò àti Èkó ní Oṣù Kìíní 2015, ó sì tún padà wá sí orílẹ̀-èdè yìí ní 2021. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2006, tí wọ́n sì tún lò ní 2015, ni pípa gbogbo adìẹ oko tí àrùn bá dé, sísin wọ́n, fífín oko náà ní oògùn, àti sísan owó gbà-má-bínú fún ọlọ́sìn. Ìlànà náà ní ọgbọ́n nínú, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí pé kí ọlọ́sìn tètè sọ fún ìjọba. Ẹni tí ó bá sì ń ro ó pé owó gbà-má-bínú yóò pẹ́ lọ́nà yóò yára kó adìẹ tí kò tíì kú lọ sí ọjà kí ó tó pe ẹnikẹ́ni.

Fáírọ́ọ̀sì tí ó wá ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í ṣe ọ̀kan náà, bí gbogbo wọn tilẹ̀ ń jẹ́ H5N1. Purotéènì kan wà tí ó ta yọ síta lára fáírọ́ọ̀sì fúlúù, tí ó fi ń di sẹ́ẹ̀lì mú, tí lẹ́tà H inú orúkọ rẹ̀ sì ń tọ́ka sí. Purotéènì yìí ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún, àwọn onímọ̀ sì ń fi nọ́ńbà pín àwọn ìdílé rẹ̀. Èyí tí ó wọlé ní 2006 jẹ́ ti ìdílé 2.2, ti 2015 jẹ́ ti 2.3.2.1c, ti 2021 sì jẹ́ ti 2.3.4.4b, èyí tí ó ti tàn ká ayé nípasẹ̀ àwọn ẹyẹ inú igbó, tí ó sì wọ inú màlúù oníwàrà ní Amẹ́ríkà ní 2024. Ìdílé mẹ́ta láàárín ọdún 15: àjẹsára tí wọ́n bá ṣe fún ti àkọ́kọ́ kò ní mọ ti ìkẹta dáadáa. Íjíbítì ti rí ohun tí èyí túmọ̀ sí, nítorí láti 2006 ni wọ́n ti ń gún adìẹ wọn lábẹ́rẹ́, síbẹ̀ fáírọ́ọ̀sì náà ń yí padà kọjá àjẹsára tí wọ́n ń lò, ó sì jókòó sí orílẹ̀-èdè náà. Níbi tí àjẹsára àtijọ́ ti ń sá tẹ̀ lé fáírọ́ọ̀sì láìbá a, RNA ońṣẹ́ lè yí padà pẹ̀lú rẹ̀, torí pé ìlànà purotéènì H tuntun nìkan ni wọn yóò fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, ohun tí ó kù kò yí.

Àǹfààní kejì kò hàn tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ẹranko kì í fojú kéré rẹ̀. Bí wọ́n bá fi odindi fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti pa gún adìẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ní èròjà agbógunti gbogbo purotéènì inú fáírọ́ọ̀sì náà, gẹ́gẹ́ bí adìẹ tí àrùn mú tí ó sì yè ti máa ń ní in; àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò ní lè sọ èwo ni wọ́n gún àti èwo ni àrùn mú. Ewu ńlá ni èyí, nítorí adìẹ tí ó ti gba àjẹsára lè kó àrùn láìfi hàn, kí ó sì máa tàn án. Àjẹsára RNA tí ó ní ìlànà purotéènì H nìkan kò fi irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀: bí wọ́n bá rí èròjà agbógunti purotéènì inú fáírọ́ọ̀sì tí kò sí nínú àjẹsára, wọ́n mọ̀ pé àrùn ti dé inú oko náà. Ilẹ̀ Faransé ti gba ọ̀nà yìí wọlé. Láti Oṣù Kẹwàá 2023 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí gún pẹ́pẹ́yẹ lábẹ́rẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè náà nítorí fúlúù, ọ̀kan nínú àwọn àjẹsára tí wọ́n sì ń lò, èyí tí ilé-iṣẹ́ Ceva ṣe, jẹ́ RNA tí ń ṣe àdàkọ ara rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ilẹ̀ Faransé ni ó súnmọ́ adìẹ Ìkòròdú jù lọ nínú gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni ti ṣe pẹ̀lú ìmọ̀ yìí títí di ìsinsìnyí.

Ibi tí ìṣòro wà ni ọ̀nà tí yóò gbà wọ inú adìẹ. Ọlọ́sìn tí ó ní adìẹ 5,000 lè fún gbogbo wọn ní Lasota láàárọ̀ ọjọ́ kan, torí fáírọ́ọ̀sì alààyè ni, bí adìẹ bá ti mu ún nínú omi yóò dàgbà fúnra rẹ̀ lára rẹ̀. RNA kò ṣeé mu. Inú ikùn ni yóò ti dà, kò sì ní ṣe ohunkóhun. Adìẹ kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò mú, tí wọn yóò sì gún, iṣẹ́ yìí ń dààmú adìẹ, ó ń dín ẹyin kù fún ọjọ́ díẹ̀, owó àwọn tí yóò sì dì wọ́n mú lè ju owó àjẹsára lọ. Fún bíróílà, tí wọ́n ń pa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ìnáwó náà kò bọ́gbọ́n mu rárá. Adìẹ elẹ́yin, tí ó ń lo ọdún kan àti ààbọ̀ lóko, àti àwọn àgbà adìẹ tí wọ́n fi ń mú irú jáde, ni ó lè san owó náà padà.

Ọ̀nà àbáyọ tí ó ṣeé fọkàn sí wà ní ilé-iṣẹ́ ìsàba, níbi tí ẹ̀rọ ti ń sàba lórí ẹyin títí òròmọdìẹ yóò fi jáde. Ọlọ́sìn Ìkòròdú kì í sàba fúnra rẹ̀. Òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan ni ó ń rà, láti ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Ìbàdàn, Ọ̀tà, Abẹ́òkúta tàbí ibòmíràn, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gún òròmọdìẹ ní abẹ́rẹ́ àrùn Marek kí wọ́n tó kó wọn sínú páálí. Irú àjẹsára Marek kan wà tí ó jẹ́ pé inú náítírójìn olómi, tí òtútù rẹ̀ tó ìwọ̀n 196 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, òtútù tí ó ju èyí tí àjẹsára Pfizer béèrè lọ fíìfíì. Àwọn tí ń sọ pé òtútù kò ní jẹ́ kí RNA ońṣẹ́ wúlò nílẹ̀ olóoru fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé iṣẹ́ ọ̀sìn adìẹ ti ń lo òtútù tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni kí òtútù náà máa bá àjẹsára rìn dé Gberigbe; ohun tí ó ṣeé ṣe ni kí adìẹ gbà á níbi tí òtútù wà, kí ó tó gbéra. Àmọ́ kò dájú pé àjẹsára RNA ọjọ́ kìíní nìkan yóò gbé adìẹ elẹ́yin dé òpin ayé rẹ̀ láìsí àtúngún, èyí sì lè tún dá iṣẹ́ padà sí oko.

Àrùn lùkúlùkú kò nílò gbogbo wàhálà yìí. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, láàárín ìparí 1952 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1953, òun sì ni ọ̀tá adìẹ ìbílẹ̀ títí di òní, pàápàá nígbà ọyẹ́. Àjẹsára kan tí wọ́n ń pè ní I-2, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ọsirélíà kọ́kọ́ ṣe, tí Vom náà sì ń ṣe, lè fara da ooru ju Lasota lọ, kíkán an sí ojú adìẹ lẹ́ẹ̀kan sì ti tó fún oṣù díẹ̀. Ìyá arúgbó tí ó ní adìẹ méje ní Èjìnrìn kò nílò RNA. I-2 ni ó nílò, àti ẹni tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ewúrẹ́. Kata, àrùn tí imú, ojú àti ìgbẹ́ fi ń ṣàn, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní PPR, ní àjẹsára tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ FAO àti àjọ ìlera ẹranko àgbáyé fi dá a lábàá pé kí wọ́n fi pa àrùn náà rẹ́ láyé kí 2030 tó pé. Orúkọ àjẹsára náà ni Nigeria 75/1, torí pé lára ewúrẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n ti mú fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ní 1975. Ilé ayé ń lò ó. Ọ̀pọ̀ ewúrẹ́ Ẹ̀pẹ́ ni kò tíì rí i.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yàtọ̀, ó sì gba ìjókòó sí. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní Kẹ́ńyà ní 1921, dé Côte d'Ivoire ní 1996, ó sì gba Benin, Togo àti Nàìjíríà ní 1997, Èkó àti Ògùn wà lára ibi tí ó kọ́kọ́ bà jẹ́. Ní 2020, ó tún pa ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ní Òkè-Àró, ní ààlà Èkó àti Ògùn, nínú ibùdó ẹlẹ́dẹ̀ tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Kò sí oògùn rẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ tí ó bá mú kì í sábà yè, àwọn ọlọ́sìn Gberigbe yóò sì fẹ́ gbọ́ pé RNA ońṣẹ́ ti yanjú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fúlúù ní jíìnì díẹ̀ àti purotéènì kan tí ó ṣeé dojú kọ. Fáírọ́ọ̀sì ibà ẹlẹ́dẹ̀ tóbi gan-an, purotéènì tí ó lè hun ju 150 lọ, àwọn onímọ̀ kò sì tíì fẹnu kò lórí èwo nínú wọn ni ara ẹlẹ́dẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó lè yè. Èròjà agbógunti-àrùn nìkan kì í tó láti dá fáírọ́ọ̀sì náà dúró, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọmọ ogun ara gan-an ni ó sì fi ṣe ilé. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Àwọn onímọ̀ ń dán àpapọ̀ RNA púpọ̀ wò lára ẹlẹ́dẹ̀, àmọ́ Fiẹtinámù, tí ó fọwọ́ sí àjẹsára ibà yìí ní 2022, fáírọ́ọ̀sì alààyè tí wọ́n ti gé jíìnì kúrò lára rẹ̀ ni ó lò. Ní Gberigbe, títì ọ̀nà oko mọ́ àwọn oníbàárà, síse àjẹkù oúnjẹ kí ẹlẹ́dẹ̀ tó jẹ ẹ́, àti àìra ẹlẹ́dẹ̀ tí kò ní orírun ni àjẹsára tí ó wà.

Ohun kan wà nípa ajá tí ó yẹ kí ará Èkó mọ̀. Àjẹsára dìgbòlugi tí ó wà lọ́jà lágbára, kò sì wọ́n. Bí wọ́n bá gún ajá 70 nínú 100, àrùn náà kì í rí ọ̀nà tàn. Ṣùgbọ́n ní 1956, àwọn onímọ̀ rí fáírọ́ọ̀sì kan lára àwọn àdán tí ń jẹ èso ní Erékùṣù Èkó, wọ́n sì fi orúkọ ìlú náà pè é, fáírọ́ọ̀sì àdán Èkó. Ní 1968, wọ́n rí ìbátan rẹ̀ mìíràn lára ẹranko kékeré kan tí ó jọ eku ní Ìbàdàn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Mókọ́lá. Àwọn méjèèjì jẹ́ ẹbí dìgbòlugi, àjẹsára dìgbòlugi kò sì mọ̀ wọ́n dáadáa. Wọn kò wọ́pọ̀, kò sì sí ìdí láti máa bẹ̀rù àdán Ìkòròdú nítorí wọn. Síbẹ̀, bí ó bá di dandan lọ́jọ́ kan, àjẹsára RNA ni wọ́n lè fi ìlànà purotéènì àwọn ìbátan wọ̀nyí kún láìdúró de kí ẹnikẹ́ni tọ́ fáírọ́ọ̀sì eléwu dàgbà nínú ìgò.

Ìbéèrè tí ọjà yóò béèrè ni ti ẹran jíjẹ. Ní 2023, àwọn aṣòfin ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé àbá òfin wá pé kí wọ́n máa lẹ ìwé mọ́ ẹran tí ó bá gba irú àjẹsára yìí, nítorí ìbẹ̀rù pé RNA náà lè ti inú ẹran wọ inú ènìyàn. Ìbẹ̀rù náà kò dúró lórí ohun tí wọ́n mọ̀ nípa RNA. Gbogbo ẹran, ẹja àti ẹ̀fọ́ tí ènìyàn ń jẹ ni ó kún fún RNA ońṣẹ́ tiwọn. Iná ìdáná àti omi ikùn ni ó ń já a, ti àjẹsára kò sì yàtọ̀, yàtọ̀ sí pé ó ti tú ká nínú ara ẹran tipẹ́ kí wọ́n tó pa á. RNA kì í wọ ibi tí DNA wà lọ yí i padà, nítorí náà ọmọ adìẹ kò ní jogún àjẹsára ìyá rẹ̀ nípasẹ̀ jíìnì. Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ń ra adìẹ ní ọjà máa ṣọ́ra fún gan-an ni oògùn agbógunti bakitéríà tí àwọn ọlọ́sìn kan ń fi sínú omi adìẹ títí di ọjọ́ tí wọ́n tà á, àjẹsára tí ó bá ṣiṣẹ́ sì ń dín irú oògùn bẹ́ẹ̀ kù.

Ní ti ibi tí wọn yóò ti máa ṣe é, Nàìjíríà kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ilé-iṣẹ́ àjẹsára ti ìjọba ní Yábàá ṣe àjẹsára ṣọ̀pọ̀ná, ibà pọ́njú àti dìgbòlugi títí di 1991 tí iṣẹ́ fi dúró níbẹ̀. Ní Oṣù Kejì 2022, àjọ WHO kéde Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà tí yóò kọ́kọ́ gba ìmọ̀ ṣíṣe RNA ońṣẹ́ láti ibùdó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Cape Town. Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ sì ti ní ẹ̀rọ àti àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n lè ka jíìnì fáírọ́ọ̀sì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ènìyàn ni gbogbo èyí wà fún. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ti ẹran àti ti ènìyàn kò yàtọ̀ púpọ̀, nítorí náà ó yẹ kí Vom wà nínú ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí NAFDAC, tí ń fọwọ́ sí oògùn ènìyàn àti ti ẹran, sì ti ní ìlànà tí yóò fi yẹ àjẹsára RNA ti ẹran wò kí oníṣòwò kan tó kó o wọlé. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó máa wá fìrísà olówó ńlá fún un, kí ó kọ́kọ́ rí i pé fìríìjì tí iná kì í kú mọ́ wà níbi tí àwọn dókítà ẹranko ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́, kí I-2 àti àjẹsára kata má sì wọ́n nínú rẹ̀ nígbàkigbà tí ọlọ́sìn bá wá béèrè.